Ó Fi Ahọ́n Kan Ilẹ̀

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Filomena, ayàwòrán-ilé, dé Alẹ̀ntéjò,
kò mú tépù jáde, kò béèrè ìwé ilẹ̀.
Ó bẹ̀rẹ̀ sáàárín ẹbè àjàrà méjì,
ó bu erùpẹ̀ pupa sí àtẹ́lẹwọ́,
ó wá fi ahọ́n kàn án.
Àwa tí à ń rẹ́ ẹ̀ka wo ara wa lójú.
Àbúrò mi, Jacinto, ní, "Lísíbọ́ọ̀nù ti ba orí èyí jẹ́."

Teotónio tó ni ọgbà ti ní ilé tirẹ̀ lọ́kàn:
gíláàsì láti ilẹ̀ dé òrùlé,
kí àlejò dúró nínú òtútù ẹ̀rọ, kí wọ́n máa tọ́ wáìnì wò,
kí wọ́n máa wò wá nínú oòrùn bí ẹni ń wo ẹja nínú ìgò.
Filomena gbọ́ ọ tán. Ó ní,
"Oṣù Kẹjọ ńkọ́? Ta ni yóò san owó iná?
Ihò tí ẹ ó gbẹ́ fún àgbá wáìnì,
níbo lẹ ó da erùpẹ̀ rẹ̀ sí?"
Teotónio họ orí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kan ilẹ̀kùn Belmiro Rosado,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin,
tí kò gún ògiri mọ́ láti ìgbà tí símẹ́ńtì ti wọ abúlé.
Igi ìgún rẹ̀ ló fi ń ti ilẹ̀kùn ilé adìyẹ.
Ó fọ ìgbẹ́ adìyẹ kúrò lára rẹ̀ létí kànga,
kò sọ̀rọ̀, àmọ́ mo rí i, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n.

A to pákó méjì, a da erùpẹ̀ tútù sáàárín,
a gún un. Gbì. Gbì.
"Ẹ má gún un bí ẹni tó ń bínú. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀.
Bó bá ń dún gbì, ebi ń pa á.
Bó bá dún kó, ó ti yó."
Amọ̀ la mọ, la tún mọ mọ́ amọ̀,
àwa tí a kò mọ̀, à ń kọ́ lọ́wọ́ amọ̀ tó mọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ìwàǹwára mú wa, a tú pákó ṣáájú àkókò.
Òjò òru kan péré, igun ìwọ̀-oòrùn wó lulẹ̀.
Teotónio gbé fóònù sétí, ó ń wá ẹni tó ń ta gíláàsì.
Belmiro ti ń kó o sínú bárò.
"Símẹ́ńtì tó wó, ẹ̀gbin ni.
Amọ̀ tó wó, amọ̀ ṣì ni.
Ẹ gbé pákó wá."

Èèpo igi kọ́ọ̀kì la fi tẹ́ òrùlé,
igi tí à ń bọ́ láṣọ ní ọdún mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án
tí kì í torí ìhòòhò kú.
Omi tí a fi fọ ife lónìí,
gbòǹgbò àjàrà ni yóò mu ún lọ́la.

Ọjọ́ tí a ṣílẹ̀kùn, alángbá gan-an sá kúrò lórí òkúta.
Àwọn àlejò wọlé, wọ́n dákẹ́ lójijì;
ọ̀kan ń wá ẹ̀rọ amúlétutù lókè àjà, kò rí i.
Wọ́n yí wáìnì nínú ife, wọ́n gbóòórùn rẹ̀,
wọ́n fi yọ ẹnu, wọ́n tu ú sínú korobá.
Èmi tí mo fi ẹ̀yìn ru àjàrà yẹn, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Dókítà ti gba wáìnì lẹ́nu Belmiro.
Ó jókòó sí igun tó wó yẹn, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ògiri,
níbi tí ìkarahun ìgbín kékeré kan há sí, tí a gún mọ́ ọn láìmọ̀.
Obìnrin kan gbé ife sókè, ó bi í: "Ọdún wo nìyí?"
Belmiro rò pé ògiri ló ń béèrè.
"Ọdún tí òjò kò dúró dè wá," ló wí.

Lálẹ́, nígbà tó ku èmi àti ìgbálẹ̀,
mo wo ẹ̀yìn, mo wo ẹnu ọ̀nà,
mo fi ahọ́n kàn án.
Iyọ̀ díẹ̀. Bóyá òógùn Jacinto.